Olè Inú Ọkọ̀ Òfúrufú àti Kókó Ọlọ́wọ́ Òsì

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni bàbá inú fídíò náà. Ẹ má wulẹ̀ máa fi ìgúnpá gún ara yín mọ́ nígbà tí mo bá ń kọjá ní gáréèjì Ajah. Agbádá aláwọ̀ ewé tí ẹ rí yẹn, tèmi ni. Ìwé tí bàbá náà fi lé obìnrin àgbà lọ́wọ́, ọwọ́ mi ló ti jáde. Gbogbo ohun tí ojú fóònù rí pátá ló rí o. Ohun tí kò rí ni mo fẹ́ sọ, nítorí ẹni tó lọ sí òkèèrè tó sì bọ̀ láìmú ìtàn bọ̀, kí ló wá lọ ṣe níbẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, Bàbá Aláwọ̀n ni wọ́n ń pè mí ní Eleko. Orí iyanrìn etí òkun ni ṣọ́ọ̀bù mi, ibẹ̀ ni mo ti ń dí ojú àwọ̀n tí ẹja ńlá bá fà ya. Ọmọ mi obìnrin, Bímbọ́lá, ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú kan létí òkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hastings ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mi ò fi ojú kàn án. Ọjọ́ tó fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, mo jó! Mo jó títí mo fi jó wọ inú omi, òkun sì gba bàtà mi kan lọ. Mo ní kó máa mú un lọ, màá ra òmíràn ní London.

Síìpù tó já

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà àti ìlà gígùn dá yín lágara. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo dé pápákọ̀ òfúrufú láàárọ̀ pẹ̀lú ẹja yíyan tí mo fi bébà wé ní ìpele mẹ́rin, òórùn rẹ̀ sì ti ṣáájú mi wọlé.

Níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ ni mo ti pàdé obìnrin àgbà kan. Àlájà Ṣìfáwù ni màá pè é níhìn-ín, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ni, nínú àwọn tí bàbá ńlá wọn ti ni ilẹ̀ kí ọ̀nà màrosẹ̀ tó dé, tí wọ́n sì ti ń tà á díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tó ti dé. Àpò aláṣọ kan wà lórí itan rẹ̀, síìpù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu àpò náà mú.

"Ẹ jẹ́ n bá yín so ó, Mà," ni mo wí. Òwú àwọ̀n kì í wọ́n lápò mi. Mo so ẹnu àpò náà ní kókó tí a fi ń so àwọ̀n mọ́ okùn ńlá, mo sì fún un pinpin. Ẹni tí kò bá dàgbà nídìí ọkọ̀ ojú omi kò lè tú kókó yìí, àfi kó fi ọ̀bẹ gé e. Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí: mo fọ́nnu. Mo ní, "Mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Nínú gbogbo ọkọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó lè tú u àyàfi èmi."

"Hẹn-ẹn, ẹ ṣeun gan-an," ni Àlájà wí. "Ìwé ilẹ̀ ẹbí wa ló wà ńbẹ̀. Orígínà o! Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní London, ara wọn ò yá. Àwọn ni olórí ẹbí. Tí wọn ò bá tẹ̀ka sí i kí wọ́n tó... ẹ ṣáà mọ̀. A fẹ́ ta èyí tó kù lápá Lakowe."

Ó sọ ọ́ sókè ketekete bí ìṣe àwọn onílẹ̀. Gbogbo ẹni tó jókòó níbẹ̀ ló gbọ́.

Ọwọ́ wo ni wọ́n fi ń fúnni lóúnjẹ?

Ẹ̀yin ará mi, ọkọ̀ òfúrufú sáré! Nígbà tó gbéra, inú mi ṣe bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi bá gun orí ìgbì ńlá, tí ìgbì náà sì kọ̀ tí kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo kígbe, "Yéè!" Àlájà, tí ìjókòó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo na ọrùn wo ojú fèrèsé. Mo rí ọ̀sà, mo rí iyanrìn Lẹ́kì, mo rí ọ̀nà màrosẹ̀ wa tó tín-ín-rín bí òwú, mo sì ń wá òrùlé ilé mi títí tí kùrukùru fi bo gbogbo rẹ̀.

Òyìnbó obìnrin kan tó di irun rẹ̀ le koko sẹ́yìn ni ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú wa. Nígbà tí oúnjẹ dé, ọwọ́ òsì ló fi nà án sí mi! Mo wo ọwọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo dúró pé kó pààrọ̀ ọwọ́, kò pààrọ̀.

"Ẹ gbà á jàre," ni Àlájà wí. "Wọn ò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún."

Mo gbà á. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú adìẹ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ata, àti búrẹ́dì roboto kan tó le bí ẹni pé wọ́n gbẹ́ ẹ ni. Mo jẹ ìrẹsì, mo sì fi búrẹ́dì pamọ́.

Ọkùnrin kan jókòó níwájú wa, nǹkan bí ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, ó wọ kóòtù dúdú kan tó ń dán. Oníkóòtù ni màá máa pè é. Òun ló bá Àlájà gbé àpò rẹ̀ sínú àpótí òkè orí wa. Ó kí wa dáadáa, ó tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀ láàárín ìjókòó níbi tí kò sí àyè, ó sì ní ọmọ Abẹ́òkúta ni òun. Lẹ́yìn wa ni Pásítọ̀ kan wà, pẹ̀lú obìnrin kan tó gbé ìkókó mọ́ra. Àwọn yòókù tó yí wa ká, òyìnbó ni gbogbo wọn. Oòrùn ń ràn yòò lójú fèrèsé, síbẹ̀ oorun gbé èmi àti Àlájà lọ.

"Òun ni!"

Mo jí, mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bá a jìjàkadì kí n tó wọlé, mo tún bá a jìjàkadì kí n tó jáde. Nígbà tí mo fi máa padà, Àlájà ti jí, ó ti béèrè oògùn rẹ̀ tó wà nínú àpò náà, kò sì rí kókó tú. Òyìnbó obìnrin yẹn bá mú sísọ́ọ̀sì kékeré láti inú àpótí oògùn wọn, ó gé òwú náà. Oògùn wà níbẹ̀. Ìwé ilẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Èmi tí mo ń bọ̀ jẹ́jẹ́ ni mo gbọ́ tí wọ́n pariwo, "Òun ni! Òun nìyẹn!"

"Àlájà, kí ló dé?"

"Má bi mí! Ṣé ìwọ kọ́ lo so ó? Kókó yẹn wà bó o ṣe so ó, kò yẹsẹ̀. Ìwọ náà lo fẹnu ara ẹ sọ pé kò sẹ́ni tó lè tú u lẹ́yìn ẹ! Mo pè ẹ́ ní ẹni iyì, àṣé olè ni ẹ́!"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Wọ́n yẹ ara mi wò lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n tú àpò mi, ẹja yíyan jáde, ìkókó tó wà lẹ́yìn sín. Fóònù yọ lápá ọ̀tún, ó yọ lápá òsì. Òyìnbó obìnrin náà wá sọ fún mi ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé òun ti ránṣẹ́ síwájú, pé ọlọ́pàá máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, tí ìwé náà kò bá sì yọjú, wọ́n lè máà jẹ́ kí n wọ ìlú, kí wọ́n dá mi padà sílé láti ibẹ̀.

Bímbọ́lá máa dúró dè mí níta pápákọ̀, wọ́n á sì sọ fún un pé bàbá rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n olè ni, ó ti padà. Ọdún mẹ́sàn-án! Mo jókòó, mo fẹ́ sunkún, mo wo ilẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí òwú tí wọ́n gé, kókó náà ṣì wà lórí rẹ̀ lódindi.

Mo mú un. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún.

Kì í ṣe kókó mi! Irú rẹ̀ ni, ìran rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ́ ló ta á. Nígbà tí èmi bá ta á, ìrù òwú máa ń já sí apá ọ̀tún. Apá òsì ni eléyìí já sí. Ẹnì kan ti tú tèmi, ó sì ti so ó padà bó ṣe yẹ, ẹni náà sì jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Ọmọ etí òkun ni. Ọmọ ilé wa ni, nínú ọkọ̀ yìí!

Búrẹ́dì fò

Ẹ wá wo iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́! Ìtìjú kúrò lójú mi, ó ku ìgbóná ara. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ọlọ́wọ́ òsì láàárín àwa Yorùbá? Láti kékeré ni wọ́n ti ń lù wá kúrò nídìí rẹ̀. Ọ̀tún la fi ń jẹun, ọ̀tún la fi ń gbà, ọ̀tún la fi ń juwọ́ sí àgbà. Tí mo bá wo bí wọ́n ṣe ń jẹun títí a fi balẹ̀, mi ò ní rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ohun tó bá já luni lójijì, ọwọ́ tí Ọlọ́run dá mọ́ni la fi ń gbá a mú. Mo rántí búrẹ́dì mi.

Mo dìde. "Pásítọ̀, ẹ gbà!" Mo jù ú. Ọwọ́ ọ̀tún ni Pásítọ̀ fi gbá a mú, ó dúpẹ́, ó sì fẹ́ gbàdúrà sí i kó jẹ ẹ́. Mo gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo ìyá ìkókó, ọmọ náà ò tíì kúrò láyà rẹ̀ láti ìgbà tí a ti gbéra, kò sí ọwọ́ tó máa fi ta kókó kankan. Òyìnbó obìnrin yẹn ti ń bọ̀ wàrà, ó rò pé orí mi ti dàrú.

"Ọ̀gá níwájú, ẹ gbà!"

Oníkóòtù yíjú. Búrẹ́dì ti débẹ̀. Kí ojú tó ṣẹ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti gbá a mú sókè! Ojú ẹsẹ̀ ló gbé e sí ọwọ́ ọ̀tún, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, òsì ni mo fi gbà á."

Ẹ gbọ́ o. Òyìnbó nà mí lóúnjẹ pẹ̀lú òsì, kò tọrọ gáfárà. Ọkùnrin yìí, tí kò sẹ́ni tó bi í léèrè, tọrọ gáfárà. Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ló tú u fó.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó iwájú

Àyè kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo lọ jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́, òyìnbó obìnrin náà rí i pé mo ti jókòó, ó padà, mo sì rẹ ohùn mi sílẹ̀.

"Ọmọ Abẹ́òkúta," mo ní, "òkun wo ló wà l'Abẹ́òkúta?"

Mo ṣí ọwọ́ mi, mo fi kókó náà hàn án. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Ta ni bàbá ẹ?"

Ó dárúkọ rẹ̀. Mo mọ bàbá náà dáadáa. A ti jọ fa àwọ̀n ńlá rí, nígbà tí eyín wa ṣì pé.

"Bàbá, wọ́n ti fi katakata wó ilé wa lẹ́ẹ̀kan," ni ó wí. "Wọ́n ní àwọn ló nilẹ̀, àwa kàn ń gbébẹ̀ ni. Bàbá mi ò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo kọ́ òmíràn fún ìyá mi, kò jìnnà síbẹ̀. Mo wá jókòó ní éápọ́ọ̀tù, mo ń gbọ́ tí Àlájà ń sọ pé àwọn fẹ́ ta èyí tó kù. Ibẹ̀ náà ni, Bàbá! Ibẹ̀ ni ìyá mi wà. Ẹ̀yin méjèèjì sùn lọ. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ fi ìwé ọ̀hún ṣe."

"Tó o bá mú un lọ, wọ́n á ṣe òmíràn. Wọ́n ní lọ́yà. Ìwọ lo máa wà lẹ́wọ̀n, ìyá ẹ lá á máa sunkún nínú ilé tí wọ́n ṣì máa wó. Èmi ńkọ́? O jókòó síbí, o ń wò mí tí wọ́n ń tú ẹja mi kálẹ̀!"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa ìwé náà yọ nínú kóòtù, ó fẹ́ dìde. "Ẹ jẹ́ n lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn."

Mo di apá rẹ̀ mú. "Jókòó. Tó o bá dìde, ọlọ́pàá ló máa mú ẹ sọ̀kalẹ̀. Èmi, wọ́n ti yẹ̀ mí wò, wọn ò rí nǹkan kan."

Ẹ má rò pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni mí o. Inú ń bí mi débi pé ó wù mí kí n gbá a létí. Ṣùgbọ́n oore kan wà tí ìyá rẹ̀ ṣe fún ilé mi lọ́jọ́ tí a bí Bímbọ́lá. Tí mo bá sọ ọ́, ẹ máa mọ obìnrin náà, nítorí náà mi ò ní sọ ọ́.

Mo dìde, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún Àlájà. Ibi tí fídíò yín ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Ó ti jẹ́wọ́! Ó ti kó o wá!" Pásítọ̀ ti ń bá mi tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Olúwa, ohùn rẹ̀ ló ga jù lọ nínú rẹ̀.

Ohun tí fídíò kò gbọ́ ni èyí tí mo sọ sí Àlájà létí. Mo fi kókó náà lé e lọ́wọ́, mo fi èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ta tì í. Ó fi ìka wá ìrù òwú méjèèjì kiri.

"Òsì ni," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Bàbá tèmi náà pẹja, kí ilẹ̀ tó dowó. Ta ni?"

"Mi ò ní sọ, Mà. Ilé ìyá ẹni náà ló wà nínú ìwé yín. Ilẹ̀ yín ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àgbà obìnrin kan ń sùn síbẹ̀, ó sì fẹ́ẹ̀ẹ́ tó yín lọ́jọ́ orí."

Ó ká ìwé náà, ó fi sábẹ́ ìbòrí rẹ̀.

Ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í kíni

Ọlọ́pàá méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́. Àlájà ti ara rẹ̀ síwájú mi. "Nọ́ tíìfù! Nọ́ tíìfù!" ni ó ń wí fún wọn. "Na mì fọgẹ́ẹ̀tì. Ogbó ti dé!" Wọ́n wo ara wọn, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa lọ. Oníkóòtù ti lọ. Mo sì jáde, mo rí Bímbọ́lá.

Ọmọ mi ti di àgbàlagbà obìnrin! Ó kúnlẹ̀ sórí táìlì láàárín èrò, àwọn òyìnbó ń yà fún wa bí omi ṣe ń yà fún òpó. Mo sun ẹkún tí mo ti pa mọ́ láti inú ọkọ̀ òfúrufú.

Hastings, ẹ gbọ́, ẹnu mi ò gbà á! Òkúta ló wà létí òkun wọn dípò iyanrìn, orí òkúta náà ni wọ́n sì ń fa ọkọ̀ ẹja gùn bíi tiwa gẹ́lẹ́. Mo rí bàbá apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe, ó dàgbà jù mí lọ, ó ní kí n máa pe òun ní Ken. Ken wo? Bàbá Kẹ́ẹ̀nì ni mo ń pè é, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo bá a dí ojú àwọ̀n mẹ́ta, ó fún mi ní ẹja díndín pẹ̀lú ọ̀dùnkún, ó da omi kíkan tí wọ́n ń pè ní fínígà lé e lórí. Mo fi ata Bímbọ́lá sí i, mo fún un tọ́ wò. Ó sáré lọ mumi!

Wọn kì í kíni lójú títì níbẹ̀. Èmi ń kí gbogbo wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin kan tó máa ń fa ajá ló kọ́kọ́ kí mi, inú mi dùn débi pé mo kí ajá náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni fídíò dé orí fóònù Bímbọ́lá láti ilé.

"Bàbá, ta ló mú ìwé yẹn? Ẹ dárúkọ ẹ̀, ká gbé e síta lónìí!"

"Rárá."

"Wọ́n ń pè yín lólè o! Wọ́n ń pe èmi lọ́mọ olè!"

Ìyẹn gún mi dénú egungun. Mo wo ọmọ tí mo torí rẹ̀ rìn wá, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo sún mọ́ ọn, mo sọ orúkọ náà sí i létí, òun nìkan, mo sì sọ oore tí ìyá ẹni náà ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ó lọ gbé omi tíì kaná. Kò mẹ́nu bà á mọ́ títí mo fi ń bọ̀.

Ilé

Mo ti padà sórí iyanrìn mi báyìí. Àwọn kan kò gbé àwọ̀n wọn wá sọ́dọ̀ mi mọ́, àwọn mìíràn ń gbé e wá, ṣùgbọ́n wọ́n ń dúró tì mí títí màá fi parí. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ti dé láti ọ̀dọ̀ ẹbí Àlájà. Wọ́n ri òpó wọn mọ́lẹ̀ lọ títí, wọ́n dé ẹ̀yìn ilé kékeré kan, wọ́n yí i po, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ lódì kejì. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n ní ìdí. Abúlé wo ni? Ẹ má wulẹ̀ máa ka ìka. Láti Ajah títí dé Eleko, ó ju ìyá kan lọ tó ní ọmọ lókè òkun, ó sì ju ìyá kan lọ tó ń pòṣé sí mi báyìí.

Ìyá Oníkóòtù náà wà nínú wọn. Láàárọ̀ àná mo gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, mo ní, "Ẹ kúùrọ̀ o, Màmá." Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní òun kì í kí olè. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi gbàmù. Mo dúró díẹ̀, mo wo ilẹ̀kùn náà, inú mi sì dùn pé ó ní ilẹ̀kùn tó lè tì.